Iná Òru, Iná Ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá. Ọ̀rọ̀ owó iná ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí ìwé yìí sí ojú-ewé mìíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó iná yìí dé orí Màmá wa, ohun tí ó bá sì dé orí ìyá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni a ra ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ tí kì í mu bẹntiróòlù, tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná ni a ń kì sínú bátìrì rẹ̀. Nissan Leaf ni, àlòkù ni, bátìrì rẹ̀ sì ń gba yúnìtì 40. Yúnìtì tí a ń wí yìí náà ni wọ́n ń kọ ní kWh sára ìwé owó iná ní Ìlú Ọba níbí. Òun náà ni àwọn ènìyàn wa ń rà sínú mítà nílé. A kò ra ọkọ̀ yìí láti fi ṣe fáàrí. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé-ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ sì jìnnà sí ilé wa ní etí Lọ́ńdọ́ọ̀nù níhà Kent. Èkejì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ń wọ̀ lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tí a ní ń mu epo bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Máìlì 7,000 ni a ń rìn lọ́dún. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá gbé wa rìn máìlì 40, a ó ra nǹkan bí lítà 800. Bí lítà kan bá jẹ́ £1.35, owó epo nìkan di £1,080.

Ọkọ̀ oníná ńkọ́? Leaf wa ń rin nǹkan bí máìlì mẹ́ta àbọ̀ lórí yúnìtì kan, nítorí náà yúnìtì 2,000 ni yóò jẹ lọ́dún. Bí a bá sì rí yúnìtì kan rà ní pẹ́ńsì 8, owó rẹ̀ kò ju £160 lọ. £1,080 di £160! Àwa méjèèjì wo ara wa lójú, a bú sẹ́rìn-ín. A rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Ibo ni yúnìtì pẹ́ńsì 8 ti wá, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí gbogbo ayé ń rà ní ọdún 2025 sún mọ́ pẹ́ńsì 26? Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Iná mànàmáná kò dà bí gàrí tí a lè rọ sínú àpò kí a gbé e pamọ́ títí di ọdún tí ń bọ̀. Iná tí wọ́n bá ṣe ní ìṣẹ́jú yìí, ìṣẹ́jú yìí náà ni a gbọ́dọ̀ lò ó, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n bá lè fi pamọ́ sínú bátìrì ńláńlá tàbí tí wọ́n bá fi fa omi lọ sínú adágún orí òkè. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje alẹ́, gbogbo ìlú ni ó ń se oúnjẹ, tí ó ń se omi tíì, tí ó ń tan tẹlifíṣàn. Nígbà náà ni iná máa ń wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá di òru, ènìyàn sùn, afẹ́fẹ́ orí òkun kò sùn. Ó ń yí àwọn abẹ̀bẹ̀ ńlá tí wọ́n rì mọ́ inú òkun, iná sì ń jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi agbára núkílíà ṣe iná pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń pa lálẹ́ tí a ń tàn láàárọ̀. Ẹ ti rí i bí ìyá alátà ti ń ṣe nígbà tí ọjà bá ń tú, tí ata ṣì kún orí àtẹ. Owó pọ́ọ́kú ni yóò tà á, yóò sì tún fi èènì sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti iná òru.

Kì í ṣe ohun àkọ̀tun pátápátá. Láti ọdún 1978 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Economy 7 ti wà ní ilẹ̀ yìí, wákàtí méje lóru ní owó kékeré, fún àwọn tí wọ́n ní hítà oníbíríkì tí ń gba ooru lóru kí ó tó máa tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn tí wọ́n ti gbé inú fúláàtì káńsù rí yóò rántí hítà náà dáadáa. Ó máa ń gbóná ní òwúrọ̀ nígbà tí ènìyàn ń jáde lọ síbi iṣẹ́, á sì ti tutù kí a tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ oníná dé, àwọn olówò iná rí i pé bátìrì ọkọ̀ ju bíríkì lọ. Ní 2018 ni ètò Octopus Go jáde, pẹ́ńsì 5 fún yúnìtì kan láti aago méjìlá àbọ̀ òru títí di aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà tẹ̀lé e.

Lónìí, bí ẹ bá ní ọkọ̀ oníná, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ẹ lè gbà ra iná sílé. Ọ̀nà kìíní ni iye kan náà tọ̀sán tòru. Láti Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ofgem, àjọ tí ń ṣọ́ ọjà iná àti gáàsì, ti ń fi òté lé iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wà lórí ètò tí kò ní àdéhùn. Ní Oṣù Kẹ́wàá sí Oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ pẹ́ńsì 26.35 fún yúnìtì kan, pẹ̀lú owó ìdúró tí ó lé ní pẹ́ńsì 50 lójúmọ́, yálà ẹ tan iná tàbí ẹ kò tàn án. Ọ̀nà kejì ni òru lọ́tọ̀, ọ̀sán lọ́tọ̀, fún gbogbo ilé. Wákàtí márùn-ún sí méje lóru á wálẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà iye ti ọ̀sán á fi díẹ̀ ga ju iye kan náà tí a kọ́kọ́ sọ lọ. Ọ̀nà kẹta ni ti ọkọ̀ nìkan. Ilé ń san iye tí gbogbo ènìyàn ń san. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ iná ń bá ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ń fún ọkọ̀ ní iná sọ̀rọ̀, ó ń ka yúnìtì tí ọkọ̀ jẹ, ó sì ń ṣírò ìyẹn ní owó kékeré. Ohun tí ẹ̀yin yóò fi dípò ni pé ẹ ó sọ wákàtí tí ẹ fẹ́ lo ọkọ̀, wọ́n á sì yan ìgbà tí wọn yóò fún un ní iná fúnra wọn. Fún ọ̀nà kejì àti ìkẹta, ẹ gbọ́dọ̀ ní mítà tí wọ́n ń pè ní smart meter, tí ń ka iná ní ààbọ̀ wákàtí ààbọ̀ wákàtí.

Ọ̀nà kejì ni a yàn. A pe ilé-iṣẹ́ kan lórí fóònù, ẹni tí ó dá wa lóhùn sì ṣe dáadáa. Ó béèrè irú ọkọ̀ tí a ní, ó béèrè iye máìlì tí a ń rìn, ó sì bá wa ṣe ìṣirò. Kí òǹkà má baà ni yín lára, a ti gé wọn sí ibi tí ó rọrùn. Ilé wa ń jẹ yúnìtì 3,600 lọ́dún, ó ju 2,700 tí Ofgem ń lò ní ọdún 2025 fún ilé tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ, nítorí pé a pọ̀ nínú ilé. Bí a bá fi yúnìtì 2,000 ti ọkọ̀ kún un, ó di 5,600. Ní pẹ́ńsì 26 tọ̀sán tòru, £1,456 ni. Lórí ètò tuntun, òru jẹ́ pẹ́ńsì 8, ọ̀sán jẹ́ pẹ́ńsì 30. Ẹni náà ní kí a gbà pé gbogbo iná ọkọ̀ yóò jẹ́ ti òru, ìyẹn £160; pé ìdá kan nínú márùn-ún iná ilé náà yóò bọ́ sí òru, ìyẹn £57.60; ìyókù lọ́sàn-án jẹ́ £864. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £1,081.60. Èrè tí ó lé ní £370 lọ́dún! A ní kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀.

Ohun méjì ni kò béèrè lọ́wọ́ wa, àwa náà kò sì bi ara wa. Èkínní, nọ́ọ̀sì inú ilé wa, alẹ́ ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́rin, tí wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn. Ní aago méjìlá àbọ̀ òru tí iná wálẹ̀ nílé, ọkọ̀ wà ní ọgbà ilé-ìwòsàn. Ní aago mẹ́jọ àbọ̀ òwúrọ̀ tí ọkọ̀ bá wọlé, tí bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, pẹ́ńsì 30 ti bẹ̀rẹ̀. A kò sì tíì ra ẹ̀rọ tí ń fún ọkọ̀ ní iná kíákíá nígbà náà. Ihò iná ara ògiri tí a fi ń tan kẹ́tù ni a fi ń ṣe é, wákàtí márùn-ún lórí rẹ̀ kò ju yúnìtì 11 tàbí 12 lọ, ìyẹn máìlì 40. Ẹ wo iye àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilẹ̀ yìí: nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ètò tí a ṣe fún ẹni tí ń sùn lóru kì í sábà bá ẹni tí kì í sùn mu.

Èkejì ni Màmá. Láti 2022 ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn tí Bàbá re ibi àgbà ń rè. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Ní ọ̀sán tí gbogbo ènìyàn jáde tàbí tí ó ń sùn, Màmá nìkan ni ilé ń bá sọ̀rọ̀. Gáàsì ni ó ń mú ilé wa gbóná, ṣùgbọ́n a máa ń pa á lọ́sàn-án, Màmá a sì tan hítà kékeré inú yàrá wọn, wọn a se ẹ̀wà wọn, wọn a lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Nígbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹ́wàá, a kọ ìwé kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Bírò pupa ni a fi kọ ọ́: ÒRU 8, Ọ̀SÁN 30. Nítorí àwọn ọmọ ni a ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má baà tan ẹ̀rọ ìfọṣọ bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. A kò rò pé ẹlòmíràn yóò kà á.

Ní òru ọjọ́ kan nínú Oṣù Kejìlá, ọ̀kan nínú wa gbọ́ ìró ìkòkò nísàlẹ̀. Aago méjì kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bá Màmá ní ilé ìdáná, wọ́n ń ro ẹ̀wà.

"Màmá, ẹ̀yin nìyí? Kí ni ẹ ń ṣe ní irú àkókò yìí?"

"Ẹ̀wà ni mo ń sè. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ ọ́ pé òru ni iná wálẹ̀?"

"Màmá, nítorí ọkọ̀ ni a ṣe kọ ọ́, kì í ṣe nítorí yín."

"Ọkọ̀ kò kúkú jẹ́ ará ilé jù mí lọ. Bí ọkọ̀ bá lè jẹun lóru, èmi náà lè sè é lóru."

A rẹ́rìn-ín sí i nígbà tí ilẹ̀ mọ́. A ní Màmá kò gbàgbé ayé NEPA, nígbà tí iná lè dé ní aago mẹ́ta òru, tí gbogbo ilé á sì dìde: ẹni tí yóò lọ aṣọ á lọ aṣọ, ẹni tí yóò fa omi á fa omi, ẹni tí yóò lọ ata á lọ ata. Ó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wa. A tilẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́.

Nínú Oṣù Kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ ojú irin kò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan, ẹni tí ń lọ sí ọ́fíìsì nínú wa sì padà sílé ní ọ̀sán gangan. Nọ́ọ̀sì ń sùn lókè. Ó bá Màmá nínú yàrá wọn, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ń jáde, wọ́n fi ìborùn wé orí, kúbùsù wà lórí orúnkún wọn. Hítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò tàn án. Ó di ọwọ́ wọn mú, ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru lára ògiri ka 13. Àwọn elétò ìlera ilẹ̀ yìí sì sọ pé yàrá tí a ń jókòó sí kò gbọ́dọ̀ dín ní 18, pàápàá fún àgbàlagbà, nítorí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò tan hítà?"

"Ó ku díẹ̀. Mo ń dúró de òru ni."

Ẹ̀yin ará, a kò lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wa. Mo ń dúró de òru. Ìyá tí ó fi aṣọ rẹ̀ tà kí a lè lọ sí ilé-ìwé ni ó jókòó sínú òtútù kí ọkọ̀ wa lè rí iná olówó pọ́ọ́kú jẹ. Ìwé owó iná oṣù náà wà lórí tábìlì, ó kéré, a sì ti ń yọ̀ sí i. A kò mọ̀ pé òtútù Màmá wà nínú owó tí a ń rò pé a fi pamọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a mú bírò àti ìwé, a ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí a ti ṣe láti Oṣù Kẹ́wàá. A wo ohun tí mítà kà ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí ó ní mítà náà ní ẹ̀tọ́ láti rí i. A rí i pé nínú yúnìtì 2,000 tí ọkọ̀ yóò jẹ lọ́dún, 1,100 péré ni ó lè bọ́ sí òru, 900 jẹ́ ti ọ̀sán. Nínú 3,600 ti ilé, bí Màmá bá tan hítà bí ó ti yẹ kí wọ́n tàn án, kò ju 360 lọ tí yóò bọ́ sí òru. Ìṣirò náà wá rí báyìí: ọkọ̀ lóru £88, ọkọ̀ lọ́sàn-án £270, ilé lóru £28.80, ilé lọ́sàn-án £972. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £1,358.80. Èrè £370 ti di £97. Nítorí £97 lọ́dún ni ìyá wa ṣe ń se ẹ̀wà ní aago méjì òru.

A wá gbé ọ̀nà kẹta yẹ̀ wò, ti ọkọ̀ nìkan. Ọkọ̀ 2,000 ní pẹ́ńsì 8 jẹ́ £160. Ilé 3,600 ní pẹ́ńsì 26, ìgbà yòówù kí a lò ó, jẹ́ £936. Àpapọ̀ £1,096. Ìyẹn fi £360 dín sí ti ọ̀nà kìíní, kò sì sí ẹni tí yóò máa wo aago kí ó tó se omi tíì. Bí nọ́ọ̀sì bá dé ní òwúrọ̀, a lè so ọkọ̀ mọ́ iná, kí a sọ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a fẹ́ lò ó, wọ́n á sì wá ìgbà tí iná pọ̀ láàárín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní owó tirẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí gba pé kí a ra ẹ̀rọ tí a ń kàn mọ́ ara ògiri, owó rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ oníná sì tó nǹkan bí £1,000. Èrè £360 lọ́dún yóò san án tán kí ọdún mẹ́ta tó pé. A tún bi ara wa pé, bí a bá ra ẹ̀rọ náà tí a sì dúró lórí ọ̀nà kejì ńkọ́? Ẹ̀rọ náà ń fún ọkọ̀ ní yúnìtì 7 ní wákàtí kan, wákàtí márùn-ún lè fún un ní 35. Nígbà náà, gbogbo iná ọkọ̀ lè bọ́ sí àwọn òru tí ọkọ̀ bá sùn sílé. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ £1,160.80. Ó ṣì fi nǹkan bí £65 ju ọ̀nà kẹta lọ. A fi ọ̀nà kejì sílẹ̀.

A kò sọ pé ọ̀nà kẹta ni ó dára fún gbogbo ènìyàn o. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìlù gángan: ó kọjú sí ẹnìkan, ó kọ̀yìn sí ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ wa kan àti aya rẹ̀ ń jáde ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, wọn kì í dé títí di aago méje alẹ́, kò sì sí arúgbó tàbí ọmọdé nílé. Ọ̀nà kejì ni ó bá wọn mu jù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ má ṣe wo pẹ́ńsì òru tí wọ́n kọ gàdàgbà nìkan. Ẹ béèrè iye ti ọ̀sán, ẹ béèrè owó ìdúró ojoojúmọ́, ẹ sì béèrè iye tí wọn yóò gbà bí ẹ bá fẹ́ kúrò kí àdéhùn tó pé. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ yín tàbí ẹ̀rọ yín wà lára àwọn tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ ka wákàtí wọn dáadáa: ní 2025, Octopus Go ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá àbọ̀ òru, Intelligent Octopus Go sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́, àwọn méjèèjì ń parí ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Bí ẹ bá ṣì ń lo mítà Economy 7 àtijọ́, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wákàtí tí iná wálẹ̀ á sì pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ má ṣe fi wáyà ìtẹ̀síwájú fún ọkọ̀ ní iná. Bákan náà, ẹ má ṣe nítorí pẹ́ńsì mélòó kan tan ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ti ìgbẹṣọ sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn. Àwọn panápaná ilẹ̀ yìí ti kìlọ̀ fún wa títí.

Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ ara ògiri tuntun, tí ẹ rí i pé kò bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe bínú. Láti ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni òfin ti ní kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ falẹ̀, ó lè tó mẹ́wàá, kí gbogbo ọkọ̀ ìlú má baà ki ẹnu bọ odò lẹ́ẹ̀kan náà.

A kò tún lè ṣàì sọ̀rọ̀ àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé fúláàtì, tí wọn kò ní ibi tí wọ́n lè gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Pẹ́ńsì 8 kò sí fún wọn. Ẹ̀rọ oníkíákíá ojú títì lè gba ju pẹ́ńsì 70 lọ lórí yúnìtì kan. Ní pẹ́ńsì 75, yúnìtì 2,000 jẹ́ £1,500, ó ju owó bẹntiróòlù tí a kọ́kọ́ ṣírò lọ. Ní ọdún 2025, ìjọba ń gba owó orí ọjà 5 nínú 100 lórí iná ilé, ó sì ń gba 20 nínú 100 lórí iná ojú títì. Ẹni tí ó ní ọgbà ń san kékeré, ẹni tí kò ní ọgbà ń san ńlá. Kí ẹni tí ó bá wà nípò bẹ́ẹ̀ ṣe ìṣirò tirẹ̀ dáadáa kí ó tó ta ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀. Láti Oṣù Kẹrin ọdún 2025 sì ni ọkọ̀ oníná ti ń san owó orí ojú títì bí àwọn ọkọ̀ yòókù. Ìjọba tún kéde ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà pé láti Oṣù Kẹrin 2028, pẹ́ńsì 3 yóò máa gun orí máìlì kọ̀ọ̀kan. Fún máìlì 7,000 tiwa, £210 ni, ó ju owó iná tí ọkọ̀ náà ń jẹ lọ.

A sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní Band A nílé láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan, nítorí pé wọ́n ṣèlérí pé iná yóò wà fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa níbí, iye wákàtí tí iná fi wà ni wọ́n fi ń díye lé e. Lọ́dọ̀ tiyín, wákàtí tí ẹ tàn án ni. Èwo ni ó sàn?" A kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé níbi méjèèjì, aago ni wọ́n ń tà fún wa, àwọn arúgbó ilé ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi ara wọn du ẹlòmíràn.

Ní Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ètò kẹta bẹ̀rẹ̀ nílé wa. A yọ ìwé bírò pupa náà kúrò lára fíríìjì. A jókòó ti Màmá, a kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì, a sì ṣàlàyé pé tọ̀sán tòru ti di iye kan náà fún wọn. Wọ́n tẹ́tí sí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí a sè lóru máa ń rọ̀ ju ti ọ̀sán lọ." A kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Títí di òní, bí a bá dé láti ibi iṣẹ́, yàrá Màmá ni a kọ́kọ́ ń yà, a ń di ọwọ́ wọn mú, kì í ṣe láti kí wọn nìkan, láti mọ̀ bí ó bá gbóná ni.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ fi owó iná wéra, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tí wọ́n wà nínú ilé yín lọ́sàn-án kí ẹ tó ka máìlì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná ilé wa kú, kí Ó má sì jẹ́ kí òtútù mú àwọn tí wọ́n tọ́ wa. Àṣẹ. Ó di ìgbà kan ná o.